Kajú àti Mílíkì ní Savalou

Ọdún 1994 ni mo kúrò ní Ṣakí lọ sí Bantè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lọ bá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́bàá títì, òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì sẹ́ni tí yóò máa bá a gbé ọmọ. Èmi ti ka ìwé mẹ́wàá, mo jókòó sílé, n kò ríṣẹ́. Ìyá mi ní kí n lọ lo oṣù díẹ̀ kí n padà wá. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé ìlú òkèèrè nìyẹn, láìfojú kan òkun rárá.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè di àjèjì nínú èdè ara rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Bantè, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ìṣà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ láti yàrá kejì: mo mọ ohùn, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí èmi náà bá lanu, ẹ̀rín ni. Àwọn ọmọ ilé á sáré wá dúró níwájú mi.

"Àǹtí, ẹ tún un sọ! Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò!"

Tí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn, Faransé ni, èmi kò sì ní ju "bọ̀nsúù" lọ. Orúkọ mi pàápàá kò bá mi kọjá ibodè. "Nàìjíríà" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nàìjíríà, ṣé o jí dáadáa? Nàìjíríà, bá mi sún àga yìí. Mo máa ń dáhùn. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni ọjà ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ń kó lọ sí Niamey, wọ́n sì ní kí n dìde ká jọ lọ. Mo ní rárá. Kì í ṣe pé mo ní ibòmíràn tí mo ń lọ. Ó kàn ti sú mi láti máa tẹ̀lé ẹrù ẹlòmíràn kiri ni. Ṣakí náà ń tì mí lójú, torí ọwọ́ òfìfo ni ǹ bá gbé padà débẹ̀. Ìyàwó olùkọ́ kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ló sọ fún mi pé obìnrin kan ní Savalou ń wá ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ.

Màmá Klotíìdì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Màhì ni, ẹ̀yà tó ni ìlú Savalou, ará ìjọ Kátólíìkì sì ni. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ́ni ní Bantè fún ọdún púpọ̀, nítorí náà Ìṣà yọ̀ mọ́ ìyá náà lẹ́nu. Nígbà tó bá ń bínú, Màhì ni yóò fi bínú, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kí n gbọ́ ìdí tí òun fi ń bínú, á tún un sọ ní Ìṣà. Ilé oúnjẹ rẹ̀ wà lójú títì tó lọ sí Bantè. Àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn awakọ̀ ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀.

"Kí lo lè sè?" ó bi mí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀.

"Ọbẹ̀, Mà. Ọkà, iyán, ìrẹsì."

"Mo ti ní ẹni tó ń se ìyẹn. Ṣé o mọ saladi ṣe?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni mo ń wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fọ̀ ọ́ dáadáa."

Fífọ̀ náà sì ni iṣẹ́. Saladi ni wọ́n ń pe ewé tútù tí wọ́n ń jẹ láìsè náà fúnra rẹ̀ níbẹ̀, saladi náà ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣe. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin tó ń dá ọgbà sétí odò máa ń gbé e dé, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Màmá kọ́ mi láti máa ya á léwéléwé, kí n máa ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ìgò kan jáde, ó kán ohun inú rẹ̀ sínú abọ́ omi. Òórùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.

"Mà, ṣé kì í ṣe jafẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nìyẹn?"

"Òun náà ni. Ó ń pa kòkòrò. Ẹ̀kán kan. Tó bá ju ẹ̀kán kan lọ, ìwọ ni wàá jẹ ẹ́."

A ó tún ṣàn án, a ó gbọn omi rẹ̀ dànù nínú aṣọ mímọ́, kí a tó tò ó sínú àwo. Tòmátì, àlùbọ́sà, kùkúńbà àti ẹyin sísè tí a gé róbótóróbótó ni yóò gorí rẹ̀. Òróró, iyọ̀, ata gígún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a ń pò pọ̀ láti fi wọ́n ọn. "Má wọ́n ọn títí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ yóò fi jókòó," ni Màmá máa ń sọ. "Ewé yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, bó ṣe ń dún nínú etí mi ló gbà mí lọ́kàn ju adùn rẹ̀ lọ. Mo gbé e mì. Nígbà tó yá, mo ń jẹ ẹ́ láìronú sí i.

Nígbà tí mo bá ráyè, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti lọ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Tẹlifóònù ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà á máa wò mí, wáyà á máa hó, èmi á sì máa pariwo.

"Bọ̀dá, èmi ni o! Ṣé dáadáa ni àwọn ará ilé wà?"

"Dáadáa ni! Màmá ń kí ọ! Ìwọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni mo wà!"

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo. Ènìyàn kò lè dúró láàárín àwọn tó ń ra sítáḿpù kí ó máa fi igbe sọ pé láti àárọ̀ Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó bá òun sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kan iṣẹ́. Mo máa ń ní kí ó bá mi kí Màmá, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ mi, màá padà sídìí abọ́ ewé.

Ní Savalou, Màhì ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Nàìjíríà náà ni èmi ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Wọn kò kórìíra mi. Wọ́n kàn jẹ́ ẹni tó ní ẹni tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ilé oúnjẹ máa ń tì, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ kí ẹbí, èmi á sì fọ aṣọ mi tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún kejì tí mo lò níbẹ̀, ọjà kún fún máńgòrò. Àkókò kajú ni pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ Lougba àti Koko, ní agbègbè Bantè, ń kó kóró rẹ̀ wá tà, ṣùgbọ́n èso pupa àti òféefèé tó rọ̀ mọ́ kóró náà, wọ́n ń dà á nù sábẹ́ igi ni. Ní Ṣakí, a máa ń mu èso yẹn títí omi rẹ̀ á fi ba aṣọ wa jẹ́. Ó ń dùn mí láti rí i nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí tòmátì wọ́n, mo ní kí obìnrin kan tó ń ti Lougba bọ̀ bá mi kó díẹ̀ dání. Mo fi iyọ̀ pa á lára kí ó má baà máa fún ènìyàn lọ́nà ọ̀fun, mo ṣàn án, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, mo kó wọn sórí saladi pẹ̀lú kùkúńbà àti àlùbọ́sà, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ wọ́n ọn. Mo gbé e fún Màmá Klotíìdì.

Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "É víví," ni ó sọ. Ó dùn, ìyẹn ní Màhì. Kò tún un sọ ní Ìṣà. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, títí ọ̀sán ọjọ́ tí Bùkárì jẹ ẹ́.

Bùkárì ni télọ̀ tó ń ránṣọ ní ọ̀kánkán wa, ọkùnrin tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, onírẹ̀lẹ̀, ará Lougba. Ìrẹsì ni ó máa ń jẹ, á sì fi kọfí onímílíkì lé e. Lọ́jọ́ yẹn ó ní kí n bu nǹkan tútù fún òun. Mo bù ú fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Mo gbé kọfí rẹ̀ wá bó ṣe máa ń mu ún, ó mu ún dé ìdajì. Olùkọ́ kan tí kò jẹ ẹ́ rí, tó jókòó nítòsí rẹ̀, ló ri fọ́ọ̀kì mọ́ ohun kan nínú àwo tirẹ̀, tó gbé e sókè.

"Kí nìyí? Ṣé kajú kọ́ nìyí?"

"Kajú ni, Mùsíyè," mo dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bùkárì rọra gbé ife sílẹ̀. "Mo ti mu mílíkì," ni ó wí.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí gbogbo ilẹ̀ yẹn mọ̀: pé ẹni tó bá jẹ èso kajú, tó sì mu mílíkì lé e, ikú ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí, torí kò sẹ́ni tó rò pé ènìyàn lè dàgbà láìmọ̀ ọ́n. Màmá Klotíìdì rò pé mo mọ̀. Nínú yàrá ìdáná ló wà nígbà tí mo gbé kọfí kọjá.

Ariwo sọ. Ẹnìkan sáré gbé epo pupa wá, wọ́n dà á sí Bùkárì lẹ́nu, ó bì. Ẹnìkan lọ pe nọ́ọ̀sì. Àwọn èrò ti ojú ọ̀nà rọ́ wọlé, mo sì ń gbọ́ "Nàìjíríà, Nàìjíríà" láàárín Màhì tí wọ́n ń sọ. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n pe jandámù, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, kí n tó sá lọ. Màmá fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Mọ́tò kan ń lọ sí Savè báyìí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní Ìṣà. "Láti ibẹ̀, ibodè yín kò jìnnà. Mú báàgì rẹ. Tó bá kú, n kò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀."

Mo mú báàgì náà. Mi ò ní purọ́, mo mú un, mo sì ti ń bọ́ sójú títì pẹ̀lú rẹ̀. Bùkárì ti ní kí wọ́n gbé àga òun sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó kọjú sí ọ̀nà Bantè. Ó rí mi. Ó fi ọwọ́ pè mí.

Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. N kò mọ̀. Ọlọ́run ni mo fi bẹ̀ yín, n kò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀," ó wí. "Jókòó. Kí lorúkọ rẹ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é padà dáadáa. Mo ti ń gbé ọ̀kánkán rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yẹn tó bèèrè rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé nítorí òun ni.

Nọ́ọ̀sì dé, ó di ọwọ́ Bùkárì mú, ó wo ojú rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀. Ó ní òun kò rí nǹkankan, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ kajú yẹn. Àmọ́ òun náà fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Gbogbo wa sì ń dúró.

Bùkárì ló ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní Ìṣà, kí n lè bá a lọ. Ó sọ ẹni tó ni aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, pé ọwọ́ aṣọ náà nìkan ló kù láti rán. Ó sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà. Lẹ́yìn náà ló tún wo ọ̀nà Bantè.

"Má jẹ́ kí wọ́n sin mí síbí."

"Ẹ kò ní kú, Bàbá."

"Tí mo bá kú. Lougba ni kí wọ́n gbé mi lọ. Ìyá mi ṣì wà láyé níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú níbí, ṣùgbọ́n mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn òbí, mo rán ti àwọn ọmọ wọn, ará Bantè ni wọ́n ṣì ń pè mí."

Mo wo ọ̀nà tí ó ń wò. Alùpùpù kò lò ju òwúrọ̀ kan lọ kó tó dé Lougba. Mo ti rò pé èmi nìkan ni àjèjì ní Savalou, torí pé ibodè wà láàárín èmi àti ilé mi. Láàárín òun àti tirẹ̀, títì lásán ló wà, ó sì ti gbó síbẹ̀. Mo bi ara mi léèrè ibi tí èmi ìbá ní kí wọ́n gbé mi lọ tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sórí àga yẹn. Ẹnu mi fẹ́ sọ Ṣakí kíákíá. Kò lè sọ ọ́ kíákíá.

Ó kírun àsárì lórí ìjókòó. Oòrùn rọ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àwọn mìíràn sì ń le bí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Nígbà tó yá, Bùkárì gbé ọwọ́ lé ikùn. Gbogbo wa dìde.

"Kí ló dé?" nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Ó ń kùn," ó wí. Ó tún fetí sí i. "Mo rò pé ebi ni."

Màmá Klotíìdì ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi Màhì bú gbogbo wa. Mo bu ìrẹsì fún Bùkárì. Ó jẹ ẹ́ tán. N kò gbé kọfí wá.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó wá jẹun, àfi àwọn awakọ̀ tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé Màmá yóò lé mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ máa fi kajú sí saladi, èmi fúnra mi ni n ó máa dúró níwájú oníkálukú kí n sọ fún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ ní Faransé, mo kọ́ ọ ní Màhì: kajú wà níbẹ̀, ẹ má mu mílíkì. Bùkárì padà dé láti Lougba, ibi tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní kété tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbé iṣu wá fún wa. Ó jókòó sí àárín ilé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń kọjá, ó ní, "Bu saladi fún mi. Kí kajú pọ̀ níbẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, àwọn olùkọ́ wọlé. Kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ìkìlọ̀ mi rín, wọ́n á ti máa kà á kí n tó lanu. Wọn kò pè mí ní Nàìjíríà mọ́. "Kajú" ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ mi, àmọ́ èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Ọdún yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pariwo lórí fóònù pé ààyè ti ṣí fún olùtẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn, kí n máa bọ̀ ní kíá. Ìròyìn tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé nìyẹn.

"Ṣé o gbọ́? Ṣé o ń bọ̀?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

"Ṣé o ń bọ̀?"

Mo ní, "Ẹ fi fún ẹlòmíràn." Mo pariwo rẹ̀ ni, torí wáyà. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí mo wí.

Ní òpin ọdún 1998, mo lọ kí ìyá mi ní Ṣakí. Mo fi aṣọ tútù wé ewé saladi tó pọ̀, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi láti Savalou délé. Mo fẹ́ kí ó rí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo fọ ewé náà bí Màmá Klotíìdì ṣe kọ́ mi, mo gbé e sínú abọ́ nínú yàrá ìdáná, mo sì lọ wá ọsàn wẹ́wẹ́ ra. Nígbà tí mo dé, abọ́ ti ṣófo. Ìyá mi jókòó sídìí àdògán, ó ń ro ìkòkò, òórùn irú àti epo gba gbogbo ilé.

"Màmá, saladi mi dà?"

"Ewé yẹn? Mo ti bá ọ sè é." Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. "Ewé náà kò burú. Ó kàn ń wá ẹni tó máa sè é ni."

Mo lè bá a jiyàn. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ó ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn pé mo gbé nǹkan wálé. Mo fọwọ́. A jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkà nínú abọ́ kan náà, ó sì dùn.

Nígbà tí mo padà dé Savalou, mo rò ó fún Màmá Klotíìdì. Ó pariwo, ó fọwọ́ borí. "Ó sè é? Saladi?" Ó pe ọkọ rẹ̀ kí òun náà wá gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Màmá nu ojú rẹ̀, ó wo ewé tó kù nínú agbọ̀n láti àárọ̀, èyí tó ti ń rọ, tí a kò lè gbé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Báwo ni ìyá rẹ ṣe sè é?" ó bi mí.

Mo bá dá iná.